Oríṣi gbólóhùn mẹ́rin tí ọmọ ilé-ìwé ń bá pàdé nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ọmọ tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò ní pẹ́ gbọ́ orúkọ mẹ́rin kan: declarative, interrogative, imperative àti exclamatory. Orúkọ wọ̀nyí ń dẹ́rù bani ju iṣẹ́ wọn lọ. Ẹ kọ́ ọmọ náà kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé: kí ni ẹni tó sọ̀rọ̀ yìí ń fẹ́? Ṣé ó fẹ́ sọ nǹkan fún wa ni, àbí ó fẹ́ ká dá òun lóhùn, àbí ó fẹ́ ká ṣe nǹkan, àbí ẹnu ló yà á?

Èyí tó ń sọ nǹkan fún wa ni declarative, tí ìwé mìíràn ń pè ní statement. "The goat ate the yam." Olùwà ló ṣáájú, ọ̀rọ̀-ìṣe tẹ̀ lé e, àbọ̀ wá lẹ́yìn, àmì ìdánudúró sì parí rẹ̀. Báwa náà ṣe ń tò ó nìyẹn: "Ewúrẹ́ jẹ iṣu." Kì í dààmú àwọn ọmọ wa, ẹ má pẹ́ níbẹ̀.

Ìbéèrè ni wàhálà wà. Lédè Yorùbá, "ṣé" tàbí "ǹjẹ́" la máa ń fi síwájú, ọ̀rọ̀ yòókù ò sì ní kúrò láyè rẹ̀: "Bọ́lá wà nílé" á di "Ṣé Bọ́lá wà nílé?" Gẹ̀ẹ́sì ní tiẹ̀ máa ń pààrọ̀ àyè ọ̀rọ̀. "Bola is at home" á di "Is Bola at home?", "is" ti fò kọjá Bọ́lá. Bí kò bá wá sí "is", "are", "can", "will" tàbí irú wọn nínú gbólóhùn náà ńkọ́? Gẹ̀ẹ́sì á yá "do" wá. "You like rice" á di "Do you like rice?" "She likes rice" á di "Does she like rice?", "s" tó wà lẹ́yìn "like" ti kó lọ sára "does". Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àná, "did" ló máa gbé àná náà rù, ọ̀rọ̀-ìṣe á sì padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀: "Did she eat?", kì í ṣe "Did she ate?" Èyí gan-an ni kí ẹ fi ọ̀pọ̀ àkókò yín sí, torí àgbàlagbà pàápàá ń ṣì í.

Ìdáhùn náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Bí a bá bi ọmọ Yorùbá tí kò tíì jẹun pé "Ṣé o ò tíì jẹun ni?", ó lè fèsì pé "Bẹ́ẹ̀ ni, mi ò tíì jẹun." Ó gba ohun tí a sọ ni. Ní Gẹ̀ẹ́sì, "Haven't you eaten?" kò gba "Yes" lẹ́nu ẹni tí ebi ń pa. "No, I haven't" ló yẹ kó sọ. Bó bá sọ pé "Yes", wọ́n á rò pé ó ti yó, wọ́n á sì gbé abọ́ lọ.

Imperative ni gbólóhùn àṣẹ. "Sit down." "Don't touch that." Olùwà rẹ̀ kì í sábà hàn, ṣùgbọ́n "you" ni. Àwa ní "Jókòó" fún ọmọdé àti "Ẹ jókòó" fún àgbà tàbí èèyàn púpọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ò ní irú ìyẹn: "Sit down" kan náà ni fún ọmọ ọdún mẹ́ta àti bàbá àgbà. Ọmọ tó bá sọ "Come here" fún ìyá àgbà rẹ̀ kò ṣi gírámà, ìwà ló ṣì. "Please" la fi ń tún un ṣe, tàbí ká gbé àṣẹ náà gba ọ̀nà ìbéèrè: "Could you open the window?" Ẹ ṣọ́ra níbí o. Fèrèsé ló fẹ́ ká ṣí, ṣùgbọ́n bí gbólóhùn náà ṣe tò fi hàn pé interrogative ni, òun náà sì ni kí ọmọ kọ nínú ìdánwò.

Ó ku exclamatory, gbólóhùn ìyanu. "What a big goat you have!" "How tall she is!" "What" máa ń bá ọ̀rọ̀-orúkọ rìn, "how" sì máa ń bá ọ̀rọ̀ àpèjúwe rìn. Ẹ wo "How tall she is!" àti "How tall is she?" Ọ̀rọ̀ mẹ́rin kan náà ni, ṣùgbọ́n ìkejì ti yí padà, ó ti di ìbéèrè. Ẹ̀yin òbí tí ẹ wà ní England, kí ẹ mọ̀ pé Year 2, níbi tí àwọn ọmọ ọdún 6 sí 7 wà, ni wọ́n ti ń kọ́ statement, question, exclamation àti command. Nígbà tó di 2016, ìjọba ibẹ̀ là á kalẹ̀ fún ìdánwò pé "What" tàbí "How" ni exclamation gbọ́dọ̀ fi bẹ̀rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ ní ọ̀rọ̀-ìṣe. Ní ìlànà yẹn, "I won the race!" kì í ṣe exclamation, statement tó gbé àmì ìyanu sórí ni. Ó le díẹ̀ lójú tèmi, àwọn olùkọ́ kan sì bínú sí i nígbà náà. Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ olùkọ́ á gbà á fún ọmọ.

Ìpín mìíràn wà tí kò wo iṣẹ́ gbólóhùn bí kò ṣe bí a ṣe hun ún: simple, compound àti complex. Àwọn ọmọ máa ń rò pé gígùn la fi ń mọ̀ wọ́n. "My father's old red car stopped near the market gate yesterday morning" gùn, síbẹ̀ simple ni, torí olùwà kan àti ọ̀rọ̀-ìṣe kan ló ní. "I cried and he laughed" jẹ́ compound: "and" so gbólóhùn méjì tó lè dá dúró pọ̀. "I cried because I fell" kò ju ọ̀rọ̀ márùn-ún lọ, complex sì ni, torí "because I fell" ò lè dá dúró fúnra rẹ̀.