Bí Epo Fífín Ṣe Ń Dènà Àrùn Fọ́ńgáì Lára Koríko Pápá Gọ́ọ̀fù

Kùtùkùtù òwúrọ̀, kí ìrì tó gbẹ, ni àrùn tí wọ́n ń pè ní dollar spot máa ń fara hàn jù lórí pápá gọ́ọ̀fù. Okùn funfun tín-tìn-tín á nà láti orí ewé kan sí òmíràn, ẹni tó bá sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ á rí i kedere. Nígbà tí òòrùn bá ti mú, okùn náà á pòórá, ohun tí yóò ṣẹ́kù ni àmì roboto tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti koríko gbígbẹ, tí fífẹ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti owó ẹyọ dọ́là àtijọ́ ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà lọ. Ibẹ̀ ni àrùn náà ti gba orúkọ rẹ̀. Tí a bá fa ewé kan já ní etí àmì yìí, tí a sì gbé e súnmọ́ ojú, a ó rí ibi tí àwọ̀ ewé ti ṣá láti etí kan dé èkejì, tí ìlà pupa rúsúrúsú sì wà ní òkè àti ní ìsàlẹ̀ ojú egbò náà. Bí àmì bí mélòó kan bá pàdé ara wọn, abala ńlá ni yóò gbẹ lórí pápá.

Fọ́ńgáì ló ń fa àrùn yìí, ìyẹn ẹbí kan náà tí olú àti èéhù ara búrẹ́dì ti wá. Láti 2018 ni àwọn onímọ̀ ti ń pè é ní Clarireedia; Sclerotinia homoeocarpa ni orúkọ tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí kí ó tó di ìgbà náà. Ojú ọjọ́ tó wà láàárín 15°C sí 30°C ló bá a lára mu, pàápàá tí ewé bá wà ní tútù fún ọ̀pọ̀ wákàtí, koríko tí kò sì rí ajílẹ̀ náítírójìn tó ni ó máa ń tètè borí. Atẹ́gùn kọ́ ló sábà máa ń gbé e kiri. Abẹ́ bàtà, koríko gígé àti ọ̀bẹ ẹ̀rọ ìgékoríko ló máa ń bá lọ láti ibì kan dé ibòmíràn.

Koríko tí àrùn náà ń yọ lẹ́nu jù ní Kánádà àti ní apá àríwá Amẹ́ríkà ni creeping bentgrass, èyí tí wọ́n máa ń gbìn sí gíríìnì, ìyẹn ojú pápá tó tẹ́jú níbi tí ihò gọ́ọ̀fù wà. Nǹkan bíi mílímítà 3 péré ni wọ́n ń gé e kù. Koríko tí a ń gé lójoojúmọ́, tí ewé rẹ̀ kò tó nǹkan, tí ẹsẹ̀ àwọn èèyàn sì ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, kò ní agbára púpọ̀ tí yóò fi bá àrùn jà. Ìdí nìyí tí àwọn olùtọ́jú pápá fi gbára lé oògùn apafọ́ńgáì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n fọ́ńgáì dollar spot ti kọ́ láti fara da oríṣi oògùn tó ju ẹyọ kan lọ, tó fi mọ́ thiophanate-methyl àti propiconazole. Òfin náà ti ń le sí i. Ní 2009, ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà fi òfin de lílo ọ̀pọ̀ oògùn kẹ́míkà fún ẹwà àyíká lásán. Wọ́n yọ pápá gọ́ọ̀fù sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi àwọn májẹ̀mú mọ́ ọn. Ní 2019, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù kọ̀ láti tún àṣẹ chlorothalonil ṣe, oògùn tí àwọn olùtọ́jú pápá ti gbójú lé tipẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ epo ti wọlé nìyí, àmọ́ kì í ṣe orí koríko ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Láàárín ọdún 1950 sí 1959, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Faransé tó ń ṣiṣẹ́ ní erékùṣù Guadeloupe ń fi epo po oògùn tí wọ́n ń fín sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ nítorí àrùn Sigatoka tó máa ń jẹ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbẹ. Wọ́n ṣàkíyèsí pé epo nìkan, láìsí oògùn kankan nínú rẹ̀, ń dá àrùn náà dúró. Títí di òní, ọkọ̀ òfuurufú ṣì ń fín epo sórí oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ ńláńlá ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà. Ti koríko pápá pẹ́ kí ó tó dé. Ilé-iṣẹ́ Petro-Canada ló gbé epo tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Civitas jáde, òun sì ni ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń fọ epo yìí, wọ́n sì ń fọ̀ ọ́ débi pé kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Isoparaffin ni àwọn onímọ̀ ń pe irú rẹ̀. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára kẹrosíìnì, dísù àti epo ọ́ńjìnnì ni pé wọ́n ti yọ àwọn èròjà aromatic, tó máa ń jó ewé, kúrò nínú rẹ̀. Ó ṣe pàtàkì kí èyí yé ènìyàn yékéyéké, nítorí ẹni tó bá da kẹrosíìnì sínú pọ́ńpù pẹ̀lú èrò pé epo ni gbogbo epo, yóò pa koríko rẹ̀ kí fọ́ńgáì tó dé ibẹ̀.

Epo kì í bá omi rẹ́. Nítorí náà, wọ́n máa ń fi èròjà kan sí i tí apá kan rẹ̀ ń di epo mú, tí apá kejì sì ń di omi mú, kí epo lè fọ́ sí ẹ̀kán kéékèèké tí yóò fọ́n káàkiri inú omi. Omi inú táǹkì á wá funfun bíi mílíìkì. Bí ẹ̀rọ tó ń ro omi inú táǹkì bá dákẹ́, epo á padà léfòó sókè, ẹni tó ń fín á wá máa fín omi lásán ní ìbẹ̀rẹ̀, epo gidi ni yóò sì dé ìkángun pápá. Ibi tí epo bá pọ̀ jù sí ni ewé ti máa ń jó, èmi sì rò pé ẹ̀rọ tó dákẹ́ yìí yẹ kó jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí olùtọ́jú pápá yóò fura sí tí ó bá rí àbàwọ́n pupa rúsúrúsú ní ibì kan ṣoṣo.

Ohun tí epo náà ń ṣe lára koríko ló yẹ kí a fara balẹ̀ wò dáadáa, torí pé ó yàtọ̀ sí ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ oògùn sí. Bàbà tí àwọn àgbẹ̀ kòkó ń fín láti dènà àrùn tó ń sọ kòkó di dúdú máa ń dúró sórí èso, ibẹ̀ ni yóò sì ti pa ohun tó ń fa àrùn bí ó bá ti balẹ̀. Epo isoparaffin kò gba ọ̀nà yẹn. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Guelph, ní Ontario, gbé jáde ní 2010 fi hàn pé ara koríko bentgrass fúnra rẹ̀ ni epo náà ń ta jí láti dojú kọ àrùn ewé mẹ́ta. Ewéko ní ètò ààbò tirẹ̀, tí àwọn họ́móònù bíi jasmonate ń darí. Epo kì í mú kí ètò yìí máa ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà, nítorí ìyẹn ì bá tán koríko lókun. Ńṣe ló ń mú un wà ní sẹpẹ́, kí ó lè tètè gbéra, kí ó sì gbéra pẹ̀lú agbára, nígbà tí fọ́ńgáì bá dé. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí à ń gún fún ọmọ kí àrùn tó dé ló jọ jù.

Láti inú èyí ni òfin tó ga jù nínú lílo epo ti jáde wá: ó gbọ́dọ̀ ṣáájú àrùn. Ara koríko nílò ọjọ́ mélòó kan kí ó tó dé ipò ìmúrasílẹ̀ yẹn, ewé tí fọ́ńgáì bá sì ti jẹ, epo kò lè dá a padà. Olùtọ́jú pápá tó bá dúró kí àmì funfun yọ kó tó lọ gbé epo ti pẹ́, yóò sì fẹ̀sùn kan epo náà láìtọ́. Láti mọ àkókò, ọ̀pọ̀ ní Amẹ́ríkà ń lo ìṣirò Smith-Kerns, èyí tó ń gba ìwọ̀n ooru àti ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ fún ọjọ́ márùn-ún, tó sì ń sọ bí ó ti ṣeé ṣe tó pé dollar spot yóò jà. Ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ààlà tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í fín oògùn. Ní ti epo, ó sàn kí a ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ààlà yẹn, kí a sì máa tún un fín ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì.

Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ jẹ́ lítà 25 sí 50 lórí hẹ́kítà kan, omi tí a ó fi pò ó sì jẹ́ lítà 400 sí 800. Fún gíríìnì tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 500, lítà kan àti ìdá mẹ́rin lítà ni epo tí ìwọ̀n tó kéré jù béèrè, omi rẹ̀ á sì jẹ́ lítà 20 sí 40. Epo yìí pọ̀ gan-an ju oògùn kẹ́míkà tí wọ́n ń fi mílílítà wọ̀n lọ, ó sì wúwo lápò.

Epo máa ń mú kí ewé pọ́n díẹ̀. Láti tọ́jú èyí, wọ́n máa ń pa á pọ̀ mọ́ aró aláwọ̀ ewé kan tí wọ́n fi bàbà ṣe, tí ń jẹ́ phthalocyanine. Ìrísí pápá nìkan kọ́ ni wọ́n rí i pé ó ń tún ṣe; ó tún ń dín jíjó ewé kù, àpapọ̀ epo àti aró náà sì máa ń dènà àrùn ju epo nìkan lọ. Ṣùgbọ́n aró kò lè gba koríko tí ọ̀dá ti mú tàbí tí ooru ọ̀sán gangan ń lù. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ epo.

Òtútù náà ní ewu tirẹ̀, àwọn onímọ̀ Yunifásítì ìpínlẹ̀ Oregon sì ti ṣiṣẹ́ gidi lórí èyí. Ní agbègbè wọn, òjò ń rọ̀ jálẹ̀ ìgbà òtútù, fọ́ńgáì mìíràn tí ń jẹ́ Microdochium nivale sì ń jẹ koríko Poa annua lórí gíríìnì. Wọ́n rí i pé epo dín àrùn náà kù gan-an, pàápàá nígbà tí wọ́n bá pa á pọ̀ mọ́ imí-ọjọ́ tàbí phosphite, ìyẹn irú iyọ̀ kan tó ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì nínú. Ṣùgbọ́n koríko kì í fi bẹ́ẹ̀ dàgbà nígbà òtútù, ewé tuntun kì í tètè rọ́pò èyí tí epo ti bò, nítorí náà bí wọ́n bá ń fín epo lemọ́lemọ́ tí èèyàn sì ń rìn lórí rẹ̀, koríko á bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín, ilẹ̀ á sì máa hàn láàárín rẹ̀. Ẹni tó bá sì mọ iṣẹ́ oko èso yóò ṣe kàyéfì nípa imí-ọjọ́ tí a mẹ́nu bà yìí, torí pé lórí igi eléso, epo àti imí-ọjọ́ tó bá pàdé máa ń jó ewé. Ohun tí koríko kan gbà, ewéko mìíràn lè má gbà á, nítorí náà abala kékeré tí ẹnikẹ́ni kò ní rí ni kí a ti kọ́kọ́ dán àpapọ̀ kankan wò.

Níbi tí dollar spot bá ti le gan-an, epo nìkan kì í sábà tó. Àwọn olùtọ́jú máa ń pa á pọ̀ mọ́ oògùn apafọ́ńgáì ní ìwọ̀n tó kéré jù tí ìwé oògùn náà fàyè gbà. Àǹfààní rẹ̀ ni pé, níwọ̀n ìgbà tí epo kò gba ọ̀nà kan ṣoṣo tí fọ́ńgáì lè dí mọ́ ọn, ó ṣòro kí fọ́ńgáì tó kọ́ láti fara dà á, oògùn tó kù sì lè pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Pẹ̀lú gbogbo èyí, wọ́n ṣì ń gbá ìrì dànù láràárọ̀ pẹ̀lú rọ́bà gígùn tí wọ́n ń wọ́ kọjá lórí koríko, wọ́n sì ń fún un ní náítírójìn díẹ̀díẹ̀, nítorí koríko tí ebi ń pa kò ní ohun tí yóò fi jà, bó ti wù kí epo ta á jí tó.