Iṣẹ́ abẹ fún jẹjẹrẹ awọ ẹ̀dọ̀fóró

Jẹjẹrẹ awọ ẹ̀dọ̀fóró, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní mẹsotẹlióómà, máa ń bẹ̀rẹ̀ lára awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo ẹ̀dọ̀fóró tó sì tẹ́ inú àyà. Èérún ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì tí èèyàn fà símú ló sábà máa ń fà á, ó sì lè tó ọdún 20 sí 50 kó tó fara hàn.

Kì í so kókó sójú kan. Ṣe ló ń tẹ́ lọ lára awọ bí ọ̀dà lára ògiri, títí dé àpò ọkàn àti iṣan tó pààlà àyà àti ikùn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀bẹ kò fi lè gbá a tán. Ohun tí ojú bá rí nìkan ni oníṣẹ́ abẹ ń lé.

Iṣẹ́ abẹ tó lágbára jù ni yíyọ ẹ̀dọ̀fóró kan lódindi pẹ̀lú awọ rẹ̀, apá kan àpò ọkàn àti iṣan ààlà náà, kí wọ́n wá fi aṣọ àtọwọ́dá dí ibi tó ṣófo. Nínú ìròyìn kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1976, aláìsàn 29 ni wọ́n ṣe é fún. Iṣẹ́ abẹ náà pa nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn.

Èkejì dá ẹ̀dọ̀fóró sí. Wọ́n á la àyà láàárín egungun ìhà, wọ́n á sì máa bó awọ náà díẹ̀díẹ̀, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ wákàtí. Ojú ẹ̀dọ̀fóró tí wọ́n bó a máa jò afẹ́fẹ́, torí náà rọ́bà tó ń fa afẹ́fẹ́ náà jáde máa ń wà láyà aláìsàn fún ọjọ́ mélòó kan.

Ìwádìí MARS 2, tó jáde ní 2024, fi aláìsàn 335 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wé ara wọn. Gbogbo wọn ló wà fún ìtọ́jú kẹmotẹ́ràpì, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ. Ìdajì àwọn tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ abẹ tó dá ẹ̀dọ̀fóró sí yìí ló wà láàyè kọjá oṣù 19.3, lọ́dọ̀ àwọn tí kò sí iṣẹ́ abẹ fún, oṣù 24.8 ni. Àbájáde yìí kò tẹ́ gbogbo oníṣẹ́ abẹ lọ́rùn, àríyànjiyàn ṣì ń lọ, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti fọwọ́ rọ́ ọ tì.

Iṣẹ́ abẹ kékeré kò sí nínú àríyànjiyàn yẹn. Láti ojú ihò kékeré kan, kámẹ́rà á wọ àyà, wọ́n á bu ẹran ara fún àyẹ̀wò, wọ́n á fa omi tó ń há èémí, wọ́n á sì fọ́n ìyẹ̀fun táàkì síbẹ̀ kí ìpele awọ méjèèjì lẹ̀ mọ́ra, kí omi má tún rí àyè kún.