Ipa ẹ̀fúùfù àti omi òkun lórí odò yìnyín Pine Island

Odò yìnyín Pine Island, ìyẹn yìnyín ńlá tó ń rọra ṣàn lórí ilẹ̀, wà ní ìwọ̀-oòrùn Antarctica, ilẹ̀ yìnyín tó wà ní ìpẹ̀kun gúúsù ayé, ó sì ń ṣàn lọ sínú Òkun Amundsen. Ó wà lára àwọn odò yìnyín tó ń yára fẹ́lẹ́ jù lọ ní ilẹ̀ náà, òun sì ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń tọ́ka sí bí wọ́n bá ń ṣàlàyé bí ẹ̀fúùfù àti òkun ṣe ń darí yìnyín ìpẹ̀kun ayé. Kì í ṣe afẹ́fẹ́ gbígbóná ló ń yọ́ ọ láti òkè. Omi òkun ló ń jẹ ẹ́ láti ìsàlẹ̀.

Omi gbígbóná ìsàlẹ̀ òkun

Ní àgbègbè yìí, omi ojú òkun ló tutù, ti ìsàlẹ̀ ló lọ́ wọ́ọ́wọ́. Iyọ̀ inú omi ìsàlẹ̀ pọ̀ ju ti òkè lọ, ìdí nìyẹn tó fi wúwo tí kò sì fi lè léfòó. Inú ìṣàn ńlá tó yí Antarctica po ló ti ń wá, ó sì lè gbóná dé nǹkan bíi 1°C. Ìwọ̀n yìí lè dà bí òtútù gidi lójú ará ilẹ̀ olóoru, ṣùgbọ́n ó fi ohun tó ju 2°C lọ gbóná ju ìwọ̀n tí omi òkun fi ń dì lọ, ìwúwo omi tó wà lókè sì tún ń mú kí yìnyín tó wà nísàlẹ̀ jíjìn tètè yọ́.

Iṣẹ́ ẹ̀fúùfù

Kí omi yìí tó dé abẹ́ yìnyín, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gun pèpéle ìsàlẹ̀ òkun tó yí etíkun ká, kí ó sì gba inú àwọn yàrà jíjìn tí yìnyín ayé àtijọ́ gbẹ́ wọlé. Ní ìlàjì gúúsù ayé, yíyí tí ayé ń yí máa ń mú kí omi tí ẹ̀fúùfù ń tì yà sí apá òsì. Nítorí náà, bí ẹ̀fúùfù bá fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn, omi tútù ojú òkun á yà sí àríwá, kúrò ní etíkun, omi gbígbóná á sì gòkè wá rọ́pò rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ láti ìlà-oòrùn, omi tútù á wọ́ jọ sí etíkun, á sì tẹ omi gbígbóná mọ́lẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí àlàyé yìí má kárí ohun gbogbo, torí pé ìṣàn abẹ́ omi tó ń lọ lẹ́bàá etí pèpéle náà ní ipa tirẹ̀.

El Niño àti La Niña, tí í ṣe ìyípadà ooru Òkun Pàsífíìkì nítòsí agbedeméjì ayé, ń yí ẹ̀fúùfù Òkun Amundsen padà. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wọn omi ibẹ̀ ní 2012, lẹ́yìn La Niña tó lágbára, omi gbígbóná ti lọ sílẹ̀ gan-an, yíyọ́ abẹ́ yìnyín sì ti dín sí nǹkan bí ìdajì ti 2010.

Òkè abẹ́ yìnyín

Ní 2009, Autosub3, ọkọ̀ abẹ́ omi aláìlẹ́nìyàn kan, wọ abẹ́ apá tó léfòó lára odò yìnyín náà, ó sì rí òkè gbọọrọ kan tí yìnyín ti fìgbà kan rí jókòó lé. Ẹrẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ yìnyín lu kí wọ́n tó fà jáde fi hàn pé ní nǹkan bí 1945 ni omi òkun ti wọ ẹ̀yìn òkè yìí, kò pẹ́ lẹ́yìn El Niño ńlá tó wáyé láàárín 1939 sí 1942. Yìnyín tó léfòó máa ń dá èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dúró, bí òkúta tí a fi dí táyà ọkọ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí yìnyín tó léfòó yìí ṣe ń fẹ́lẹ́, odò náà ń sáré: nǹkan bíi kìlómítà 2.5 ló ń rìn lọ́dún ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ó sì ti tó 4 ní 2009. Ilẹ̀ tó jókòó lé ń jìn sí i bí a bá ṣe ń wọ inú lọ, nítorí náà ẹ̀fúùfù lè yí padà kí yìnyín má padà sórí òkè náà.

Àwọn ibòmíràn

Ní Larsen B, yìnyín fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan tó léfòó ní etíkun Antarctica, tó fọ́ ní 2002, ẹ̀fúùfù gbígbóná tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ ní tààrà, ó ń yọ́ ojú yìnyín. Ní Greenland, omi gbígbóná dé ọ̀dọ̀ odò yìnyín Jakobshavn ní 1997, ahọ́n rẹ̀ tó léfòó sì fọ́ tán ní nǹkan bí 2003. Ní 2016, omi ibẹ̀ tutù, odò náà dẹ ẹsẹ̀, ó sì nípọn sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yìnyín tó ń dà sínú òkun ṣì pọ̀ ju èyí tó ń rọ̀ sórí rẹ̀ lọ.