Ẹ Pa Iná Kí Ẹ Tó So Laptop Mọ́ Tẹlifíṣọ̀n

Láti ìgbà tí àwọn ènìyàn ti ń fi laptop wo bọ́ọ̀lù Sátidé lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá, àárọ̀ Mọ́ńdè kì í rọrùn ní ṣọ́ọ̀bù mi mọ́. Tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń gbé wá kò fọ́. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ohùn rẹ̀ ń dún dáadáa. Ihò HDMI rẹ̀, ihò tí àwòrán àti ohùn ń gba inú wáyà kan ṣoṣo wọlé, nìkan ló kú. Bí mo bá bi olówó rẹ̀ pé kí ló ṣẹlẹ̀, èsì kan náà ni mo máa ń gbọ́: “Ọ̀gá, laptop la kàn so mọ́ ọn o, a ò ṣe nǹkan kan.” Ẹ ṣe nǹkan kan. Ẹ so wọ́n pọ̀ nígbà tí iná wà lára àwọn méjèèjì.

Síso ọ̀hún fúnra rẹ̀ kò le. Ẹ ki wáyà HDMI bọ laptop, ẹ ki ìdí kejì bọ tẹlifíṣọ̀n, ẹ fi rìmóòtù yan nọ́ńbà ihò náà lábẹ́ Source tàbí Input. Bí àwòrán kò bá jáde, ẹ di bọ́tìnnì Windows mú, kí ẹ tẹ P, kí ẹ yan Duplicate. Bí ohùn bá ṣì ń ti inú laptop jáde, ẹ tẹ àmì ohùn nísàlẹ̀ ojú laptop, ẹ yan orúkọ tẹlifíṣọ̀n yín. Ó parí. Ẹni tí laptop rẹ̀ kò ní ju ihò VGA lọ, ihò àtijọ́ tó ń gbé àwòrán nìkan, kí ó ra ẹ̀rọ tó ń yí VGA padà sí HDMI, èyí tó ń gba iná láti ara USB. Wáyà lásán tó ní orí VGA níhìn-ín, tó ní orí HDMI lọ́hùn-ún, owó ìnádànù ni. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ yé ki wáyà dìkódà bọ ihò HDMI laptop pé ẹ fẹ́ fi laptop wo dìkódà. Àwòrán ń jáde níbẹ̀ ni, kì í wọlé.

Ọ̀rọ̀ iná gan-an ni mo bá wá.

Irin tẹ́ẹ́rẹ́ 19 ló wà lẹ́nu wáyà HDMI. Èyí tó gbé iná láàrin wọn, fólítì 5 péré ló gbé. Púpọ̀ nínú àwọn yòókù ń gbé àwòrán àti ohùn, àti ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ méjèèjì ń bá ara wọn sọ kí tẹlifíṣọ̀n tó mọ irú àwòrán tó ń bọ̀. Wọ́n lọ tààrà sára IC kan, ẹ̀yà kékeré dúdú tó ń ṣiṣẹ́ lórí bọ́ọ̀dù, tí kò tó èékánná ọmọdé. Iná tí ń bẹ nínú ṣọ́kẹ́ẹ̀tì yín ńkọ́? Fólítì 230 sí 240.

Nínú ọ̀pọ̀ ṣájà laptop ni kàpásítọ̀ kékeré kan wà tó so ẹ̀gbẹ́ iná NẸ́PÀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ iná kékeré tó ń lọ sínú laptop. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó má jẹ́ kí ṣájà máa da àwọn ẹ̀rọ mìíràn láàmú, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba iná díẹ̀ máa ń gba ibẹ̀ jò. Bí ẹsẹ̀ gígùn púlọ́ọ̀gì ṣájà bá kan wáyà earth, iná tó jò yẹn á gba ibẹ̀ wọlẹ̀ lọ. Bí earth kò bá sí, kò ríbi lọ, á jókòó sára irin laptop. Bí ẹ bá ti fọwọ́ ra laptop onírin rí nígbà tó ń gba iná, tí ó ń rìn yín lára wínniwínni, òun náà nìyẹn. Bí mo bá gbé mítà lé e, ó sábà máa ń ka ju fólítì 100 lọ. Kò lágbára láti pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n lójú ẹsẹ̀ tí orí wáyà bá kan ihò tẹlifíṣọ̀n, ibẹ̀ ni iná yẹn máa sá gbà, IC tí fólítì 5 tó fún ni ó sì máa gbà kọjá.

Ẹ pa ṣọ́kẹ́ẹ̀tì tẹlifíṣọ̀n. Ẹ yọ ṣájà laptop. Ẹ yọ wáyà díìṣì tó ti òrùlé wá kúrò lẹ́yìn dìkódà. Ìgbà náà ni kí ẹ tó ki HDMI bọ̀ ọ́ ní ìdí méjèèjì títí yóò fi jókòó. Bí ẹ bá fẹ́ tan iná, kí tẹlifíṣọ̀n àti ṣájà jọ wà lára ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n kan ṣoṣo tó ní earth. Ẹ má fi ọ̀kan sára ìnfátà kí èkejì wà lára NẸ́PÀ.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni ohun tí ẹ ń fi ojú púlọ́ọ̀gì rí. Ẹsẹ̀ òkè yẹn gùn ju àwọn yòókù lọ kí ó lè kọ́kọ́ kan earth kí iná tó wọlé, òun náà ló sì ń ṣí ìlẹ̀kùn kékeré tó bo ihò méjì ìsàlẹ̀. Ẹ ń fi púláyà gé e dànù. Ẹ ń fi ìdérí báírò ṣí ihò òkè kí ẹ lè ti ẹlẹ́sẹ̀ méjì wọlé. Ẹ tún lọ wo ẹ̀yìn ilé yín bóyá ọ̀pá earth wà nínú ilẹ̀. Ọ̀pá kọ́pà ni, ẹ̀èdú àti iyọ̀ la máa ń kó yí i ká kí ilẹ̀ lè gba iná dáadáa, ó sì yẹ kí ẹ máa bu omi sí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ilé tí mo ti bá wáyà earth nínú ṣọ́kẹ́ẹ̀tì, tí ìdí rẹ̀ kò so mọ́ nǹkan kan, kò lóǹkà. Ẹni tó fa irú wáyà bẹ́ẹ̀ sílé onílé kì í ṣe oníná. Owó ló wá gbà.

Ẹ ó sì rí àwọn tó jókòó sábẹ́ agboòrùn pẹ̀lú sukudíráfà kan, tí wọ́n á sọ fún yín pé virus ti ti inú laptop wọ tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ san owó kí wọ́n bá yín “flash” rẹ̀, ìyẹn ni pé kí wọ́n tún ètò inú rẹ̀ kọ. Irọ́ ni. IC tó ti jóná kò gbọ́ flash. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ á kọ́kọ́ fi mítà wọn ẹsẹ̀ HDMI lọ́kọ̀ọ̀kan, á sọ ohun tó kú fún yín kí ó tó dárúkọ owó. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi.

Oníbàárà mi kan ń fi fídíò ẹ̀kọ́ múra ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdánwò JAMB. Àbúrò rẹ̀ ní kí òun bá wọn so laptop mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi nu ilẹ̀ táìlì ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán ló sì wà. Bó ṣe fọwọ́ kan irin orí HDMI, iná gbé e ṣubú lu àga. Àwọn ará ilé ní ó ti yé àwọn, pé ìyá ọkọ tó kúrò nílé lọ́jọ́ tó ṣáájú ló fi nǹkan sílẹ̀. Wọ́n pe ẹni tó wá gbàdúrà, ó da òróró sórí tẹlifíṣọ̀n, òróró sì gba ojú ihò atẹ́gùn wọ inú bọ́ọ̀dù lọ. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n tó gbé e wá.

Mi ò tú tẹlifíṣọ̀n. Mo ní kí wọ́n lọ gbé ṣájà wá. Wọ́n rà á nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, kò ní orúkọ kankan lára tó ṣeé kà. Mo gbé tẹlifíṣọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo so ṣájà mọ́ laptop, mo gbé tẹ́sítà lé irin orí HDMI: iná tẹ́sítà tàn. Mo la ṣájà. Láàrin wáyà iná NẸ́PÀ àti wáyà iná kékeré, níbi tó yẹ kí téèpù tó nípọn wà, kò sí nǹkan kan, méjèèjì ti jóná lẹ̀ mọ́ra. Iná ilé odidi ló ń gba ara laptop kọjá. Bí ọmọkùnrin yẹn bá fi ọwọ́ kejì di irin fèrèsé mú ni, òkú là bá máa sọ. Ìyá tó ń tọ́jú ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni wọ́n sì ń pè ní àjẹ́.

Mo gé wáyà ṣájà náà lójú wọn. Mo tún ihò HDMI tẹlifíṣọ̀n ṣe, laptop kò jí. Wọ́n ní owó ojúlówó ṣájà kò tíì sí fún laptop tí àwọn fẹ́ yá. Mo ní kí wọ́n gba iná kún un níbi tí ṣájà tó dára wà, kí bátìrì rẹ̀ nìkan máa gbé e nígbà tó bá wà lára tẹlifíṣọ̀n. Bí bátìrì bá sì ti ń lọ, kí wọ́n kọ́kọ́ pa tẹlifíṣọ̀n, kí wọ́n yọ HDMI, kí ṣájà tó kan laptop.