Bí ajá tó ń bẹ̀rù èèyàn ṣe ń di ará ilé

Ajá tí wọ́n gbà sílẹ̀ láti ìgboro Kàbà, nílẹ̀ Okun ní ìpínlẹ̀ Kogí, tàbí èyí tí olówó rẹ̀ kó lọ tó fi í sílẹ̀, kì í sábà fò mọ́ ẹni tó fẹ́ tọ́jú rẹ̀. Á ká ìrù sáàárín ẹsẹ̀, á lẹ etí mọ́ orí, kò sì ní fẹnu kan oúnjẹ níṣojú ẹnikẹ́ni. Àwọn èèyàn á ní wọ́n ti lù ú rí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn ni ẹnikẹ́ni ò lù rí. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 sí ọ̀sẹ̀ 14 lẹ́yìn ìbí ni ọmọ ajá máa ń mọ ohun tí kò léwu: ọwọ́ èèyàn, ariwo ọ̀kadà, ìró odó iyán. Èyí tí kò bá rí èèyàn lásìkò yẹn á máa sá fún gbogbo wọn. Ó ṣì lè kọ́ ọ lẹ́yìn náà, àmọ́ á pẹ́.

Ìbẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe agídí. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara rẹ̀ ni: àyà á máa já, ebi kò ní pa á, ó sì lè tó ọjọ́ mélòó kan kí ara rẹ̀ tó rọlẹ̀. Nítorí náà, ìsinmi ló kọ́kọ́ nílò, ní kọ̀rọ̀ tó fara ti ògiri, pẹ̀lú omi àti àpò tí yóò sùn lé. Nínú agboolé ilẹ̀ Okun, tí gbogbo ará ilé ti fẹ́ wá wo ajá tuntun, èyí ló máa ń nira jù. Ó ṣe pàtàkì kí àwọn ọmọdé mọ̀ pé wọn kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e wọ kọ̀rọ̀ náà.

Lẹ́yìn èyí, ẹnì kan náà ni yóò máa gbé oúnjẹ wá. Á jókòó sórí àpótí, á kọ ẹ̀gbẹ́ sí ajá náà, kò sì ní tẹjú mọ́ ọn, torí ìhalẹ̀ ni ìyẹn lójú ajá. Á máa ju ẹja tí wọ́n ti yọ egungun rẹ̀ sẹ́yìn ajá náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń fojú kékeré wo èyí. Bó bá jẹ́ iwájú ẹsẹ̀ èèyàn nìkan ni oúnjẹ wà, ebi á tì í débi tí ẹ̀rù ṣì ń bà á; ìgbà tó bá gbé e mì tán ló máa rí i pé òun ti sún mọ́ jù, ó sì lè géni jẹ. Àmọ́ bó bá ń rí jẹ bó ti ń sún sẹ́yìn, òun fúnra rẹ̀ ni yóò padà wá. Ìgbà tó bá fimú kan ọwọ́ ni wọ́n á tó fọwọ́ kàn án, lábẹ́ àgbọ̀n tàbí láyà, kì í ṣe lórí. Wọ́n á fọwọ́ pa á díẹ̀, wọ́n á dúró wò ó bóyá ó ń fẹ́ sí i.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni lù ú nítorí pé ó kùn. Ẹ̀rù kò ní tán lára ajá tí wọ́n bá lù báyìí. Kíkùn nìkan ló máa fi sílẹ̀, lọ́jọ́ mìíràn eyín ni wọ́n á kọ́kọ́ rí.

Ìbọn tí àwọn ọdẹ ń yìn níbi ìsìnkú, tàbí báńgà oṣù Kejìlá, lè dá a padà sí kọ̀rọ̀. Wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí àpótí ni.

Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi tí wọ́n á gún ajá náà kò gbọ́dọ̀ pẹ́. Bó bá géni jẹ, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni wọ́n á fi fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n sì lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí àmì dìgbòlugi bá ti yọ lára èèyàn, agbára káká ni ẹnikẹ́ni fi ń yè é.

Ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, okùn kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀ níta, kódà nínú ọgbà. Bó bá bọ́, kí ẹnikẹ́ni má lé e. Kí wọ́n gbé oúnjẹ àti àpò tó ń sùn lé síbi tí wọ́n ti rí i kẹ́yìn, kí gbogbo èèyàn sì kúrò níbẹ̀. Irú wọn sábà máa ń yí padà wá síbẹ̀ lálẹ́.