Ìgbà wo gan-an ni ooru ń tán ní etíkun England?

Ẹni tó bá bá ìjọ rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì láti Peckham ní London lọ sí Margate létí òkun ní Sátidé kan nínú oṣù Keje yóò rí nǹkan. Ní London, láti aago mẹ́wàá àárọ̀ ni oòrùn ti mú ganrínganrín, tí gbogbo èrò ọkọ̀ ń fi bébà fẹ́ra. Nígbà tí wọ́n bá fi máa sọ̀ létíkun, oòrùn yẹn náà ló ṣì wà lókè, ojú ọ̀run mọ́ gaara, síbẹ̀ àwọn ìyá àgbà ti ń béèrè pé ta ló bá àwọn gbé súwẹ́tà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìlú méjèèjì lè tó digírì 8 sí 10 lọ́jọ́ kan náà. Oòrùn Margate kò kéré sí ti London. Òkun ló wà nídìí ọ̀rọ̀, òun náà ló sì wà nídìí ìdáhùn sí ìbéèrè tí àwọn ènìyàn máa ń bi ara wọn lọ́dọọdún: ọjọ́ wo ni ìgbà ooru parí, tí ìgbà ìwọ́wé wọlé?

Àwọn tó ń pe ìgbà ooru àwọn Òyìnbó ní "ẹ̀ẹ̀rùn" ti kọ́kọ́ da ọ̀rọ̀ rú. Ẹ̀ẹ̀rùn wo ni òjò ń rọ̀ nínú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Lọ́dọ̀ wa, òjò ló ń pín ọdún sí méjì. Lọ́dọ̀ tiwọn, gígùn ọ̀sán ló ń pín in. Ní Brighton, ìlú etíkun kan ní gúúsù England, ọ̀sán ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí 16 àti ààbọ̀. Ti ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá kò ju nǹkan bíi wákàtí 8 lọ. Òjò ní tirẹ̀ ń wá nígbà tó bá wù ú.

Bí atẹ́gùn òkun ṣe ń fẹ́ kì í ṣe ohun tó gba àlàyé púpọ̀. Ilẹ̀ tètè ń gbóná, afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ a fúyẹ́, a gòkè, afẹ́fẹ́ tútù láti orí omi a wọlé wá gba àyè rẹ̀. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n, a sì le jù lọ ní ọ̀sán, kí ìrọ̀lẹ́ tó dé. Bó ṣe ń ṣe ní Èkó náà nìyẹn, àmọ́ omi Èkó lọ́wọ́ọ́rọ́, ó sábà máa ń wà láàárín digírì 25 sí 29. Omi tó wà láàárín England àti Faransé, tí wọ́n ń pè ní English Channel, kì í sábà ju digírì 17 tàbí 18 lọ nígbà tó bá gbóná jù. Ti North Sea, òkun tó wà ní ìlà-oòrùn England, ní ìhà Yorkshire, bó bá tó 15, ó ti gbìyànjú. Atẹ́gùn tó bá fi orí irú omi bẹ́ẹ̀ ṣe ọ̀nà, bí ìgbà tí ènìyàn ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì sójú ẹni ló máa ń rí.

Ó ní oore tirẹ̀ o. Afẹ́fẹ́ tútù yìí kì í jẹ́ kí àwọsánmọ̀ ráyè kóra jọ sí etí omi gan-an. Ibi tí wọ́n ti ń kóra jọ ni inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún, tó jìnnà sí òkun, níbi tí ilẹ̀ ti gbóná. Ìdí nìyí tí òjò ọ̀sán fi lè máa pa àwọn ará inú ilẹ̀ nígbà tí àwọn tó wà létíkun ń yáàrùn. Eastbourne, ìlú etíkun gúúsù mìíràn, ló ṣì di àmì-ẹ̀yẹ oṣù tí oòrùn ràn jù lọ ní gbogbo United Kingdom mú: wákàtí 383.9 ní oṣù Keje 1911. Ẹni tó bá pín in sí ọjọ́ 31 yóò rí i pé ó lé ní wákàtí 12 lójúmọ́.

Àwọn ará etíkun ìlà-oòrùn kò rí irú oore bẹ́ẹ̀ gbà. Bí afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ní omi nínú bá rìn kọjá lórí North Sea tó tutù, omi inú rẹ̀ á di kùrukùru, kùrukùru náà á sì rọra wọ́ wọ ìlú. Fret ni àwọn ará Yorkshire ń pè é. Ní Whitby, ilé ìsìn àtijọ́ tó ti wó, tó wà lórí òkè etí òkun, lè wà kedere lójú ẹni tó ń jẹ ẹja díńdín ní èbúté, kó má sì sí mọ́ kó tó jẹ ẹ́ tán. Ẹni tó bá wakọ̀ lọ sínú ilẹ̀ díẹ̀ báyìí yóò bá oòrùn níbẹ̀ tí ó ń ràn bí ẹni pé kò gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Gbogbo èyí jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan sí ọjọ́ kejì. Ibi tí ọ̀rọ̀ òkun ti dùn jù ni ohun tó ń fi odidi ọdún ṣe.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí oòrùn bá ti ga jù lọ, ìgbà yẹn náà ló yẹ kí gbogbo nǹkan gbóná jù. Oòrùn ga jù lọ ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà. Ẹ wá lọ ki ẹsẹ̀ bọ omi Brighton lọ́jọ́ náà, ẹ óò fò padà. Omi yẹn ṣì ń bọ̀ láti inú òtútù oṣù Kejì àti Ìkẹta, nígbà tó wà ní nǹkan bíi digírì 8 tàbí 9. Ìparí oṣù Kẹjọ wọ oṣù Kẹsàn-án ló máa ń gbóná jù, lẹ́yìn tí oòrùn ti ń sọ̀ kalẹ̀ fún bí oṣù méjì àbọ̀.

Ẹni tó bá ti bá àwọn alásè ṣiṣẹ́ rí kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí èyí. Gbé agbada òfìfo kaná: kí o tó yíjú, ó ti pọ́n. Gbé e kúrò, kò pẹ́ tó fi tutù. Ilẹ̀ nìyẹn. Wá gbé ìkòkò irin tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ òde, èyí tí ọkùnrin méjì ń gbé, pọn omi kún un, kó o gbé e ka àdògán. Igi á jó títí, ìkòkò á kàn ń wò ọ́ ni. Kílò omi kan ń gba nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún ooru tí kílò iyanrìn gbígbẹ kan nílò kó tó lè fi digírì kan gbóná. Iyanrìn sì ní àbùkù mìíràn: ojú rẹ̀ nìkan ni oòrùn ń rí. Ní ọ̀sán oṣù Keje, iyanrìn Margate lè máa jó àtẹ́lẹsẹ̀, àmọ́ bí ọmọdé bá fi ọwọ́ wa ihò tó jìn tó ìgbọ̀nwọ́, tútù ló máa bá nísàlẹ̀. Inú omi ni ìmọ́lẹ̀ ń wọ̀ lọ ní tirẹ̀, ìgbì sì ń rò ó, bẹ́ẹ̀ ni omi tó ń kún tó sì ń fà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ń rò ó láti ìdí, bí alásè tó mú ọmọrógùn gígùn dání.

Ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ni igi pọ̀ jù nínú àdògán. Láti ọjọ́ kejì ni wọ́n ti ń yọ igi díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n yíyọ igi kan kò sọ pé ìkòkò bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Níwọ̀n ìgbà tí ooru tó ń wọlé bá ṣì ju èyí tó ń jáde lọ, ńṣe ni omi ń gbóná sí i. Ìgbà tí méjèèjì bá dọ́gba ló tó dúró, ìyẹn sì ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí iná ti kéré gan-an lójú. Ìdí tí ọjọ́ kan ṣoṣo kò fi lè ṣe nǹkan kan sí òkun náà nìyẹn. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje 2022, ooru tó digírì 40.3 ní Coningsby ní Lincolnshire, irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí ní ilẹ̀ náà. Ọjọ́ kan péré, igi kan péré ni lábẹ́ ìkòkò tó gbòòrò tó North Sea.

Ohun tó wá dunni níbẹ̀ ni pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kẹsàn-án ni àwọn ọmọ ilé-ìwé ń wọlé. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ṣófo, àwọn tó ń ta áísìkiriìmù ń palẹ̀ ẹrù mọ́, omi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná. Ó dà bí ìgbà tí àwọn àlejò jẹ ọbẹ̀ tútù tán, tí wọ́n dìde lọ sílé, tí ìkòkò wá hó.

Nípa ti ọjọ́ tí ìgbà ìwọ́wé ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà méjì ni àwọn Òyìnbó ń gbà kà á, kò sì sí ọdún tí wọn kì í jà lé e lórí. Àwọn kan ń dúró de ọjọ́ 22 tàbí 23 oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí oòrùn bá dúró sókè ìlà tó la àárín gbùngbùn ayé kọjá, tí ọ̀sán àti òru dọ́gba. (Wọn kì í dọ́gba lọ́jọ́ náà gan-an. Afẹ́fẹ́ ń tẹ ìmọ́lẹ̀, a sì ń ka yíyọ oòrùn láti ìgbà tí etí rẹ̀ bá ti yọ, nítorí náà ọ̀sán ṣì ń fi ìṣẹ́jú díẹ̀ ju òru lọ.) Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ní tiwọn mú ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án, wọ́n sì pín ọdún sí oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ìmọ̀ràn akọ̀wé ni èyí, ó sì mọ́gbọ́n dání: oṣù tó pé ló rọrùn láti ròpọ̀, kí a lè fi ọdún yìí wé ọdún tó kọjá. Láti ọjọ́ náà sì ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwé orúkọ tuntun tí wọ́n fi ń sọ àwọn ìjì lórúkọ, àṣà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2015. Kò sí ohun tó burú nínú ọjọ́ méjèèjì. Ohun tó ń bíni nínú ni bí àwọn ènìyàn ṣe ń sọ ọ́ bí ẹni pé ẹnì kan yí bọ́tìnnì ní aago méjìlá òru, tí ewé gbọ́, tí òkun náà sì gbọ́.

Ewé gan-an kò ṣeé fi ṣe ẹlẹ́rìí létíkun. Igi tó kọjú sí omi lè pọ́n ní oṣù Kẹjọ lẹ́yìn ìjì kan ṣoṣo, nítorí atẹ́gùn fọ́n iyọ̀ sí i lára. Bí ẹ bá rí i pé apá tó kọjú sí òkun ló gbẹ, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, iyọ̀ ni, kì í ṣe ìgbà ìwọ́wé. Ní 2022, ọ̀dá mú kí ọ̀pọ̀ igi wọ́wé ní oṣù Kẹjọ, èyí tó tún da gbogbo ènìyàn láàmú. Àwọn alápàǹdẹ̀dẹ̀ tó ń fi amọ̀ kọ́lé sábẹ́ òrùlé abà wọn sàn díẹ̀: nínú oṣù Kẹsàn-án, wọ́n á tò sórí wáyà iná, kí wọ́n tó gbéra kọjá Sàhárà lọ sí Gúúsù Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọn àti eṣinṣin ni wọ́n ń bá lọ. Òkun kò kàn wọ́n.

Ní etí omi, ẹlẹ́rìí tó dájú jù ni pàṣípààrọ̀ tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ilẹ̀ àti òkun. Láti ìgbà tí òtútù ti kásẹ̀ nílẹ̀ ni ilẹ̀ ti gbóná ju omi lọ lọ́sàn-án. Bí oṣù Kẹsàn-án ṣe ń lọ, òru gùn, agbada tutù, ìkòkò ṣì gbóná. Díẹ̀díẹ̀, òkun á wá gbóná ju ilẹ̀ lọ, lálẹ́ ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní ọ̀pọ̀ ìgbà tọ̀sán tòru. Atẹ́gùn òkun tó ń lé àwọn ìyá àgbà wọ súwẹ́tà kò ní rí nǹkan fà á wọlé mọ́. Afẹ́fẹ́ alẹ́ á máa ti orí ilẹ̀ fẹ́ lọ sórí omi. Òtútù tó ń sọ koríko inú ilẹ̀ di funfun láàárọ̀ á pẹ́ kó tó dé etíkun. Ní àwọn erékùṣù Scilly, tó wà nínú òkun ní ìkángun gúúsù-ìwọ̀-oòrùn England, ó lè má dé rárá.

Òjò náà á pààrọ̀ ibùgbé. Orí òkun tó lọ́wọ́ọ́rọ́ ni yóò ti máa ṣú báyìí, nígbà tí afẹ́fẹ́ tútù bá gba orí rẹ̀ kọjá, etíkun ni yóò sì kọ́kọ́ rọ̀ sí, nígbà tí inú ilẹ̀ gbẹ. Eastbourne yẹn kan náà, tó ń yáàrùn ní oṣù Keje nígbà tí òjò ń pa àwọn ará inú ilẹ̀, lè jí ní aago mẹ́ta òru oṣù Kẹwàá kó gbọ́ òjò tó ń lu fèrèsé tó kọjú sí omi. Ooru tí òkun gbé mì ní oṣù Kẹfà àti Ìkeje ló gbé òjò náà dìde.