Ẹ̀rọ tó ń ké sí ìṣó, tó dákẹ́ lórí májèlé

Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ awá-irin rìn nínú oko kòkó kì í yára. Á máa fi abọ́ pẹlẹbẹ tó wà nídìí ẹ̀rọ náà lọ sọ́tùn-ún, lọ sósì, bí ẹni ń gbálẹ̀, láìjẹ́ kó kan ilẹ̀. Wáyà tí wọ́n ká sínú abọ́ yẹn ló ń ṣiṣẹ́. Iná bátìrì ń lọ ó ń bọ̀ nínú rẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń rán agbára òòfà wọlẹ̀. Bí agbára yìí bá kan irin, ìbáà ṣe ìṣó tàbí wúrà, iná tín-ín-rín á bẹ̀rẹ̀ sí í yí po nínú irin ọ̀hún, òun náà á sì rán òòfà tirẹ̀ padà. Wáyà gbọ́ ọ, ẹ̀rọ ké.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà máa ń dà á láàmú. Ilẹ̀ pupa wa kún fún irin tó ti dípẹtà, ẹ̀rọ a sì máa ké lásán. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò fi ń gbé abọ́ náà sókè sódò lójú kan títí ariwo á fi rọlẹ̀, kó tó gbẹ́sẹ̀. Síbẹ̀, ìdérí ọtí, ìṣó ahéré àti àjákù páànù ló máa kọ́kọ́ hú jáde. Ohun tó tóbi tó owó ẹyọ, agbára káká ni yóò fi gbọ́ ọ bó bá jìn ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Wúrà tó rí wínníwínní bí èyí tí omi gbé sẹ́bàá odò ní Igún àti Ìtagúnmódì, kò lè gbọ́ ọ rárá. Igbá àti omi ni wọ́n fi ń wá ìyẹn.

Ẹ̀rọ kan náà tó ń pariwo lórí ìdérí ọtí kò ní dún pínpín lórí ilẹ̀ tí òjé tàbí mẹ́kúrì, irin tó ń ṣàn bí omi, ti bà jẹ́. Irin tó dì lódindi ló mọ̀. Èyí tó ti yòrò, tó lẹ̀ mọ́ erùpẹ̀, kò sí lójú tirẹ̀.

Ní Ìpẹ́rìndó nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, inú òkúta ni wúrà wà, òun pẹ̀lú òjé, bàbà àti síńkì tí imí-ọjọ́ so mọ́ra. Níwọ̀n ìgbà tí atẹ́gùn kò bá dé ọ̀dọ̀ wọn, wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà. Bí wọ́n bá hú òkúta náà, tí wọ́n fọ́ ọ, tí òjò rọ̀ sí i, imí-ọjọ́ á di omi kíkan bíi ti inú bátìrì mọ́tò, omi kíkan ọ̀hún á sì tú òjé sílẹ̀. Ní Zamfara ní 2010, eruku òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ nínú agbolé pa ọmọdé tó lé ní 400.

Ti mẹ́kúrì yàtọ̀. Àwọn awakùsà á dà á sórí iyanrìn tí wọ́n ti fọ̀, á gbá wúrà mọ́ra, wọ́n á wá fi iná sun ún. Bí ooru bá ti kọjá 357°C, mẹ́kúrì á bá èéfín lọ, á sì padà balẹ̀ sóko. Èyí tó bọ́ sínú kòtò tí wọn kò dí, kòkòrò àìfojúrí inú ẹrẹ̀ á sọ ọ́ di irú èyí tó ń gba ara ẹja wọ ara ènìyàn. Ohun àlùmọ́nì abẹ́ ilẹ̀, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Òfin ìwakùsà 2007 sọ bẹ́ẹ̀. Ìdọ̀tí tó kù lórí ilẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ pè ní tirẹ̀.

Oko tí awakùsà kò dé rí náà kò bọ́: bàbà inú oògùn tí wọ́n fi ń fín kòkó láti ọdún pípẹ́ ṣì wà nínú erùpẹ̀. Bàbà kì í jẹrà, òjé kì í jẹrà. Òjé kì í sábà gun inú èso. Gbòǹgbò ló máa ń dì mọ́, àti eruku ara tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ, àti ọwọ́ ọmọ tó ń ṣeré nílẹ̀.

Ẹ̀rọ X-ray tí wọ́n ń dì mú bí ìbọn lè ka òjé inú erùpẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Irú rẹ̀ ni wọ́n lò ní Zamfara. Ní Ifẹ̀, CERD, ibùdó ìwádìí nípa agbára ní yunifásítì OAU, ní ẹ̀rọ ńlá tó ń tú èròjà inú erùpẹ̀ wò. Ẹni tó bá fẹ́ kó erùpẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò á bù ú níbi mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ káàkiri oko, kó jìn tó gígùn àtẹ́lẹwọ́ pẹ̀lú ìka, á pò wọ́n pọ̀ nínú abọ́ rọ́bà. Kì í ṣe nínú korobá onípáànù o: síńkì ara korobá á bọ́ sínú erùpẹ̀, àyẹ̀wò á sì máa fi ẹ̀sùn korobá kan oko.